Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Fẹ̀sọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pe awakọ̀ náà, kì í ṣe pé ìyá tó bí i ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ ló fún un lórúkọ, nítorí pé bó bá ń wa bọ́ọ̀sì, wàá rò pé ẹyin ló kó sẹ́yìn. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó wí i títí ó fi di orúkọ mọ́ ọn lára. Òótọ́ sì ni, bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò fara kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, inú ilé rẹ̀ ló wà, ẹ̀sọ̀ yìí kan náà ló sì bà á jẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kó àwọn tó fẹ́ najú lọ́jọ́ ìsinmi lọ sí àwọn ilé ńlá àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn olówó ayé ijọ́un ló kọ́ wọn sáàárín ọgbà, wọ́n sì rò pé ọmọ àti ọmọ ọmọ ni yóò máa gbé ibẹ̀. Àwọn tó kọ́ wọn ti kú, agbára àwọn ọmọ ò ká wọn mọ́, ni wọ́n bá di ohun tí à ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wò. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé ibẹ̀, afinimọ̀nà á gba àwọn èrò lọ́wọ́ Fẹ̀sọ̀, wọ́n á wọlé lọ gùẹ̀rẹ̀. Òun ò ní wọlé. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ ti ṣòfin pé awakọ̀ kankan ò gbọdọ̀ fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀, láti ìgbà tí àwọn olè ti tú bátìrì ọkọ̀ kan lọ níbi tí awakọ̀ rẹ̀ ti lọ la ẹnu sílẹ̀ níwájú àwòrán ara ògiri. Abẹ́ igi kan lẹ́bàá géètì ni Fẹ̀sọ̀ ń gbé ọkọ̀ tirẹ̀ sí. Á jókòó sídìí sítíárìn, á mu tíì inú fúláàsì, á sùn, á jí, á tún sùn, títí àwọn èrò á fi jáde.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, aránṣọ ni. Obìnrin tó fẹ́ràn ohun tó lẹ́wà ni, ẹni tó jẹ́ pé bó bá rí ìyá àgbà kan lójú ọ̀nà tó wọ aṣọ tó dáa, á tẹ̀ lé e débi tí yóò ti rí bí wọ́n ṣe ká etí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Fẹ̀sọ̀ kọ́kọ́ ti ibi iṣẹ́ yìí dé, kò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Ẹ wá sọ fún mi. Kí lẹ rí?"

"Ilé náà tóbi."

"Ó tóbi! Ọjà náà tóbi. Ilé ẹjọ́ náà tóbi. Kí lẹ rí nínú rẹ̀, Bàbá Ìbejì?"

Ó di abẹ́rẹ́ mọ́ ẹnu, ó tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀. Ká ní Fẹ̀sọ̀ sọ pé òun ò wọlé, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì í. Ọkùnrin wo ni yóò dé ojú odò tí yóò wá sọ fún aya rẹ̀ pé òun ò fẹsẹ̀ kan omi? Ló bá la ẹnu, ó ní, "Yàrá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yàrá búlúù. Gíláàsì fèrèsé rẹ̀ ló ní àwọ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ti bá ibẹ̀ wọlé, gbogbo nǹkan á di búlúù. Ilẹ̀, àga, títí kan ọwọ́ èèyàn."

Ìyá Ìbejì yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ọwọ́ èèyàn náà?"

"Ọwọ́ èèyàn náà."

Ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ náà mú, òun nìkan ló mọ̀. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé irọ́ dà bí àlejò tó ní òun ò ní pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó tún bèèrè, Fẹ̀sọ̀ bá fi àtẹ̀gùn kan kún un tí wọ́n gbẹ́ orí kìnnìún sí lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi kọ́tìnnì kún un: aláwọ̀ ewé tó dúdú, tí etí rẹ̀ jẹ́ wúrà, tó wọ́ délẹ̀. Èyí ló wá ṣe é léṣe. Ìyá Ìbejì lọ wá aṣọ náà rà, ó jókòó ti máṣíìnì, ó rán kọ́tìnnì ọ̀hún gẹ́lẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀. Nígbà tó so ó kọ́ sí pálọ̀, àwọn ará àdúgbò ń wá wò ó bí ẹni wá wo ìyàwó tuntun. Bí wọ́n bá bèèrè, á ní, "Irú tinú ilé ńlá ni. Ọkọ mi fojú ara rẹ̀ rí i." Fẹ̀sọ̀ á sì dìde, á ní òun ń lọ wo omi inú ọkọ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá Ìbejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà o. Ẹ mú mi lọ." Nǹkan tó yẹ kó rọrùn ni, nítorí ọ̀gá ò kọ̀ kí ìyàwó awakọ̀ jókòó sí iwájú bí ibẹ̀ bá ṣófo. Ibẹ̀ sì ṣófo. Àwọn èrò fẹ́ràn ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n á ti máa tàkúrọ̀sọ. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìjókòó náà nígbà tí bọ́ọ̀sì ṣì wà ní tuntun ṣì wà lára rẹ̀, fúláàsì Fẹ̀sọ̀ nìkan ló ń gbádùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe máa mú un lọ? Tó bá wọ ilé náà, yàrá búlúù dà? Orí kìnnìún dà? Nítorí náà, "Ọkọ̀ ti kún" ni Fẹ̀sọ̀ máa ń wí. "Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." "Jẹ́ kí òjò dáwọ́ dúró ná." "Ṣe sùúrù, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú." Ìyàwó á rẹ́rìn-ín, á ní kò burú, á padà sídìí máṣíìnì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ìbejì dàgbà, wọ́n jáde nílé, ọkọ̀ kò yé kún.

Ojú Ìyá Ìbejì ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ó kọ́kọ́ ń fi ìka wá ihò abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn ilé tó ti ń gbé láti ìgbà kékeré àwọn ọmọ. Dókítà ojú ní kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi abẹ yọ. Láti ẹ̀gbẹ́ ni àrùn náà ti ń jẹ ojú bọ̀ wá sí àárín, ohun tó bá sì ti jẹ kò ṣe é gbà padà. Ohun tó kù fún un kò ju bí ìgbà tí èèyàn ń yọjú wòta láti ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà ní kí ọdún tó parí, ìyẹn náà lè pa dé.

Àwọn ìbejì wálé. Ó mú wọn jókòó síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wo ojú wọn láti iwájú orí dé àgbọ̀n, títí ọ̀kan fi ní, "Mọ́mì, ẹ̀ ń wò mí bíi pé mo jẹ yín lówó." Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, mi ò ní bẹ̀ yín fún nǹkan mìíràn mọ́. Kí ojú yìí tó pa dé, ẹ jẹ́ n fi rí yàrá búlúù yẹn."

Kí ni Fẹ̀sọ̀ fẹ́ wí? Ó yẹ kó jẹ́wọ́ níbẹ̀, àní èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, inú ń bí mi sí i pé kò jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ojú obìnrin náà, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn án. Ó ní ilé tó tóbi tó yẹn, ṣé kò ní ní yàrá kan tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ búlúù ni? Ó kéré tán, kọ̀rọ̀ kan. Ó tọ ọ̀gá lọ, ọ̀gá ní kó wọlé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kan yẹn, kí onígéètì bá a ṣọ́ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, Ìyá Ìbejì wọ aṣọ tó fi ṣe ìyá ìyàwó. Fẹ̀sọ̀ gbé fúláàsì kúrò, ó fà á lọ́wọ́ gun iwájú. Bó ṣe jókòó ni ọ̀rá ìjókòó náà ń dún. Ó fi ọwọ́ pa á.

"Ẹ ò tíì ya ọ̀rá ìjókòó yìí láti ọjọ́ yìí?"

"Ọ̀gá ló ní ká fi sílẹ̀."

"Àwọn tó ń jókòó síbí mà mọ nǹkan lò o. Kò ya níbì kankan."

Fẹ̀sọ̀ kọjú mọ́ ọ̀nà. Àwọn èrò ẹ̀yìn ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń pín bísíkíìtì. Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀ ń yí orí kiri bí ẹyẹ, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń rí ayé: òpó iná kan, ewúrẹ́ kan, ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn. Fẹ̀sọ̀ ò rí i kínú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ilé àkọ́kọ́ ga lóòótọ́. Òpó funfun wà níwájú rẹ̀, àtẹ̀gùn òkúta ló sì gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọlé báyìí, òkùnkùn. Afinimọ̀nà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó mú agbòòrùn lọ́wọ́ kí àwọn èrò má bàa sọnù, ṣàlàyé pé wọ́n ń ti fèrèsé pa nítorí pé oòrùn máa ń jẹ aṣọ àtijọ́. Ojú tó ti rẹ̀ ò sì fẹ́ òkùnkùn. Ìyá Ìbejì na ọwọ́ síwájú, ó fẹsẹ̀ kọ okùn tí wọ́n fi dá ènìyàn dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì olówó tó kọ́lé náà, díẹ̀ ló kù kó ṣubú lé e.

"Ṣé àwọn tó ni ibí ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni?" ó wí. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Yàrá búlúù ńkọ́?"

"Ó ṣì kù níwájú."

Wọ́n gun òkè. Igi lásán ni àtẹ̀gùn náà, ó ń dán, kò sí ohun tí wọ́n gbẹ́ sí i lára. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá a láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó wá ọ̀tún, ó wá òsì.

"Orí kìnnìún dà?"

"Bóyá wọ́n ti yọ ọ́ lọ tún ṣe."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Fẹ̀sọ̀ ń sáré síwájú àwọn èrò, òun tí kò sáré rí, ó ń yọjú sí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́jà. Ó rí tábìlì tí wọ́n to àwo sí tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹun níbẹ̀ mọ́. Ó rí ibi ìwẹ̀ tó tóbi ju pálọ̀ rẹ̀ lọ. Ó rí pupa, ó rí àwọ̀ ewé, ó rí eruku. Kò rí búlúù. Kọ́tìnnì tó rí ti ṣá, etí rẹ̀ ti tú, kò tó ẹsẹ̀ tilé wọn.

Nígbà tó padà, ìyàwó rẹ̀ ti di ọwọ́ afinimọ̀nà mú. "Yàrá búlúù, ọmọ mi. Èyí tí ọwọ́ èèyàn máa ń yí padà níbẹ̀."

"Kò sí níbí o, mà. A ò ní irú ẹ̀."

"Ilé kejì ni!" Fẹ̀sọ̀ wí, ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. "Ilé kejì ló wà, mo ti ṣi í mú ni."

Ìyá Ìbejì ní kò burú. Ó jẹ́ onísùúrù, ó ti kọ́ ọ nílé Fẹ̀sọ̀.

Kí wọ́n tó lọ sí ilé kejì tó wà ní òdìkejì ọgbà, àwọn èrò jáde wá jẹun. Tọkọtaya náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, wọ́n yọ búrẹ́dì. Onígéètì, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló rìn wá bá wọn tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ kú àbọ̀ o, bàbá Fẹ̀sọ̀! Ẹ ti wá rí i báyìí. Ṣé ó dáa?" Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Ìyá Ìbejì. "Ìyá wa, ẹ̀yin lẹ ṣe é o. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣí géètì yìí, bàbá yìí ò kọjá abẹ́ igi yìí rí. Mo ní kó jẹ́ n bá a ṣọ́ ọkọ̀ kó lọ yọjú, ó ní òun wà dáadáa. Àwa méjèèjì la jọ ń hanrun níbí!"

Ó rẹ́rìn-ín títí, kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ẹnì kan pè é ní géètì, ó sì lọ. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a, òótọ́ yìí sì wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun lé ẹnikẹ́ni bá.

Ìyá Ìbejì gbé búrẹ́dì sílẹ̀ sórí itan.

"Yàrá búlúù?"

"Kò sí."

"Orí kìnnìún?"

"Kò sí."

"Kọ́tìnnì?"

"Mo rò ó lọ́kàn ni." Ó tẹ̀ síwájú. "Ìyá Ìbejì, èyí tó o rán dára ju tiwọn lọ. Mo rí tiwọn lónìí. Ní ti Ọlọ́run, tìrẹ dára jù ú lọ."

Òótọ́ pọ́ńbélé ni, kò sì wúlò fún nǹkankan. Obìnrin náà ò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ ti lọ síbòmíràn.

"Ìjókòó iwájú yẹn. Ta ló máa ń jókòó síbẹ̀?"

Fẹ̀sọ̀ wo ilẹ̀. "Kò sẹ́nì kankan."

"Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ti kún?"

"Ẹ̀yìn ló ń kún."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. "Mo ní ọ̀rá náà ò ya."

Ká ní ó pariwo, ká ní ó sunkún, Fẹ̀sọ̀ ì bá mọ ibi tó máa dì mú. Kò ṣe ìkankan. Nígbà tí afinimọ̀nà gbé agbòòrùn sókè pé ó tó àkókò ilé kejì, Ìyá Ìbejì ní kí wọ́n máa lọ, ó ti rẹ òun. Ó wá na ọwọ́ sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ mú mi lọ síbi tẹ́ ẹ máa ń wà."

Wọ́n padà sínú bọ́ọ̀sì. Ó jókòó sórí ọ̀rá, Fẹ̀sọ̀ jókòó sídìí sítíárìn, bọ́ọ̀sì dákẹ́ lẹ́yìn wọn.

"Kí lẹ máa ń wò?"

"Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ògiri yẹn, ó ti là. Géètì. Ewé tó ń já bọ́ sórí gíláàsì."

Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó tọ ojú ibi tó là náà bí ẹni ń tọ ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ. Ó wo géètì. Ó wo ewé kan títí afẹ́fẹ́ fi gbé e lọ. Gbogbo ohun tó kù nínú ojú rẹ̀ ló fi ń wo ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ó dun Fẹ̀sọ̀ débi pé ó fẹ́ ní kó dákun má wò ó mọ́.

Oòrùn wá yẹ̀ kúrò lẹ́yìn igi. Gíláàsì iwájú bọ́ọ̀sì náà ní ọ̀já búlúù kan lókè, irú èyí tí wọ́n fi ń gba awakọ̀ lọ́wọ́ ìtànṣán. Ìmọ́lẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ó sì bọ́ sórí itan Ìyá Ìbejì, kò fẹ̀ ju gèlè tí a ṣẹ́ po lọ. Ó rí i. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ọwọ́ náà jẹ́ búlúù títí dé ibi tí òrùka wà.

"Ọwọ́ èèyàn náà," ó wí jẹ́jẹ́.

Omi bọ́ lójú Fẹ̀sọ̀. "Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, orí ìjókòó yẹn ló bọ́ sí. Mò ń wò ó títí wọ́n fi jáde. Nígbà tó o bi mí léèrè, òun ló wá sí mi lẹ́nu."

"Ṣé gbogbo ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá?"

"Bí oòrùn bá ti ràn."

Ìyá Ìbejì ń yí ọwọ́ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà. "Ká ní ẹ wí i bó ṣe rí, Bàbá Ìbejì. Ká ní ẹ ní abẹ́ igi lẹ máa ń wà, ǹ bá tẹ̀ lé yín. Ǹ bá gbé iṣẹ́ mi dání. Èyí ì bá tó mi."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Fẹ̀sọ̀ rántí gbogbo ọ̀sán tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó yẹn, tí búlúù ń bọ́ sórí fúláàsì, tí obìnrin yìí sì wà nílé lẹ́yìn máṣíìnì tó ń rán ohun tí kò sí. Ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá nígbà náà.

Oòrùn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ náà sún kúrò láàárín itan rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó bọ́ sí etí ìjókòó lápá ilẹ̀kùn. Ìyá Ìbejì dá ọwọ́ dúró. Ó yí orí díẹ̀ sí ọ̀tún, ó yí i díẹ̀ sí òsì.

"Ṣé ó ti lọ ni, àbí ojú mi ni?"

"Ó ṣì wà níbẹ̀," Fẹ̀sọ̀ wí. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ sí etí ìjókòó, sínú ìmọ́lẹ̀ náà gan-an. "Òun nìyí. Ó wà lára ìka rẹ."

Obìnrin náà jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tó gbé e sí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fà á padà sórí itan rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wí i," ó ní, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí àwọn èrò fi dé.